Ẹ Kà Á Sókè Ká Gbọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí ẹgbẹ́ mi fẹ́ràn láti máa sọ, tí kì í wọ̀ mí létí rárá: pé àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ẹ dé òde ìnáwó, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an á sì tún yíjú padà, á fi òyìnbó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jókòó.

Bàrígà ni mò ń gbé, mo sì ní etí. Ọmọbìnrin mi àgbà, tó ń múra ìdánwò WAEC lọ́wọ́, lè kọ orin Olamide láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo bó ṣe ń sáré da ọ̀rọ̀ sórí ìlù, tòwe-tòwe, tèébú-tèébú, láìjẹ́ kí ẹyọ kan bọ́ sílẹ̀. Bàrígà wa níbí ni Olamide ti dàgbà. Yorùbá ìgboro ló fi ń kọrin, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ìyá ni mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ni wọ́n ń wí. Tó bá tún kan ti Asake, tí òun jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ègbè bíi ti onífújì ni wọ́n máa ń gbè é, àwọn ọmọ mi méjèèjì á sì jọ gbè é láti yàrá. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn lágbọ̀ọ́yé, kí lẹ tún ní kò gbọ́?

Ọmọ yìí kan náà ló wá sọ fún mi pé ìwé Yorùbá le. "Mọ́mì, ó ti máa ń sú mi kí n tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ibi tí mo bá a dé ni pé ọ̀nà tí ìwé gbà wọlé tọ̀ ọ́ ni kò dáa. Orin gba etí wọlé, ó gba èjìká, ó gba ẹsẹ̀, ó ti di tirẹ̀ kó tó mọ̀. Ìwé gba ojú nìkan, ó sì mú ìdánwò dání. A ń ka ìwé Yorùbá bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́, wẹ́lo, lẹ́nu pípadé, bẹ́ẹ̀ etí ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé ìwé, torí pé inú ń bí mi síbẹ̀ díẹ̀. Níbi tí ọmọ yìí ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé, owó ìtanràn ni. Fanákúlà ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ gan-an ni wọ́n sì yàn láti máa kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2018, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ilé ìwé náà gba olùkọ́ Yorùbá, wọ́n fi sínú àtẹ iṣẹ́ òòjọ́. Àṣé wọn ò fagi lé owó ìtanràn. Tí aago bá lù fún Yorùbá, ọmọ lè sọ ọ́. Tí aago bá tún lù, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ọmọ mi sì bá bọ̀ látinú kíláàsì náà ni sílébù, kọ́ńsónáǹtì, ìpajẹ, àrànmọ́. Ó mọ orúkọ gbogbo egungun inú èdè, ó gbà máàkì, kò sì gbọ́ ìtàn kan ṣoṣo níbẹ̀. Mi ò bá olùkọ́ náà wí o. Ìlànà iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ parí kí sáà tó parí.

Nílé tiwa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a ò ní ìwé púpọ̀. Òkè Pópó ni ilé wa wà, ní ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún, iṣẹ́ akọ̀wé ni bàbá mi sì ń ṣe ní ẹbúté Àpápá. Àwo orin ló kún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àpálà Haruna Ìṣọ̀lá ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà sákárà Yusuf Ọlátúnjí. Bí ẹ bá mọ àpálà Haruna dáadáa, ẹ mọ̀ pé kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè òyìnbó. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ìlù, àti ohùn ọkùnrin kan tí kì í kánjú. Ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń gbé àwo sí i, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Òun ò ka orin yẹn sí ohun tí èèyàn kàn ń gbọ́ kí ilé má dákẹ́. Àfiyèsí tí àwọn ẹlòmíì fi ń ka ìwé ìròyìn ló fi ń gbọ́ ọ. Bí Haruna bá pa òwe kan tó wọ̀ ọ́ lára, á dìde, á rọra gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà padà sẹ́yìn, á ní, "Ẹ tún gbọ́ ọ." Ọwọ́ rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo balẹ̀, abẹ́rẹ́ a sì ha àwo. Àwọn àwo yẹn wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ibi tí wọ́n ti ha jù lọ ni ibi tí òwe wà. Mo lè fi ojú lásán wo àwo kan kí n sọ ibi tí bàbá mi ti jánu sí ọ̀rọ̀.

Àwọn àwo yẹn kọ́ mi ní nǹkan tí ilé ìwé ò kọ́ mi. Haruna a máa dárúkọ ẹni tó ń kì, iṣẹ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀, orúkọ ìyàwó, orúkọ ọmọ, ẹni tó bá a rìn. Mo mọ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi, mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ikú ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí wọ́n pa ní Èkó níbí ní oṣù kejì ọdún 1976, inú àwo ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọdébìnrin ni nígbà náà, ló fi wákà dárò ọ̀gágun náà lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí olùkọ́ ìtàn wá dé orí ọ̀rọ̀ náà ní girama, mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì mọ bó ṣe dun àwọn èèyàn, èyí tí kò sí nínú ìwé olùkọ́.

Ìyá ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìdílé Èkó ni wa, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ lábẹ́ òrùlé kan, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ìwé kan ṣoṣo ni Màmá Àgbà ní, Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Ó ti dàgbà kó tó kọ́ ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lè ka lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn, ó ń kà á. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí, á fi ìka tẹ̀lé ìlà, á sì kà á sókè dé ibi tí ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín níta á fi máa ṣe àmín. Bàbá mi ní kó máa kà á sínú lọ́jọ́ kan, pé òun fẹ́ sùn. Màmá Àgbà ní, "Ta ni mo fẹ́ fi í pamọ́ fún?"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé obìnrin yẹn ni òǹkàwé gidi nínú ilé wa.

Èyí tí mo wá fẹ́ sọ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ Yorùbá mọ irú òǹkàwé tó ń bẹ nílẹ̀. Ẹ wo Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac Thomas dá sílẹ̀ ní Èkó níbí. Ní ọdún 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà jáde ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lẹ́tà obìnrin Èkó kan tó ti darúgbó, tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó ń ròyìn bó ṣe lo ìgbà ọmọge rẹ̀. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Nígbà tó di ọdún 1930, wọ́n kó o jọ di ìwé. Àwọn kan gbà nígbà náà pé obìnrin ọ̀hún wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Adúgbò tí mo ti jẹun ọmọdé ló wà nínú ìwé yẹn. Ohun tó mú mi níbẹ̀ jù ni orin. Orin tí àwọn èèyàn ń kọ ní ìgboro Èkó láyé ọjọ́un ló kún inú rẹ̀. Obìnrin yìí ò lè ròyìn ìyọnu kan tán kó má fi orin gbè é. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú, tó bá dé ibi orin, ojú rẹ̀ á fò ó. Mo ti kíyè sí ara mi. Ojú kì í kọrin. Ẹnu ló gbọ́dọ̀ là kí orin tó ṣeé kà.

Fágúnwà ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ọdẹ tó lọ sínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, ìlù ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìlù lòun fẹ́ lù, kí àwa òǹkàwé sì jẹ́ oníjó. Ẹni tó bá sọ fún yín ní ojú ewé kìn-ín-ní pé ìlù lòun ń lù, tí ẹ wá jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ta lẹ ṣẹ̀? Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó ń tò ó lérí ara wọn, ọ̀kan ń ti èkejì, ojú á sọnù sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi èémí kà á, ẹ ó rí ibi tó fi sílẹ̀ fún yín láti mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Fágúnwà yìí fún àwọn ọmọ mi ní ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ kí n kàwé fún wọn, ó ti di ẹ̀kọ́ nìyẹn, wọ́n á sì wá ibi sá sí. Nítorí náà, àárọ̀ Sátidé, nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà. Ẹnì kan á máa kà, àwọn yòókù á máa ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó bá ń kà kò ní ṣa ẹ̀wà. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin fi tinútinú gba ìwé. Ọmọ náà a máa kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ púpọ̀, á máa fi ohùn ibi kan sí ibòmíì, ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí: bó bá ti ka ọ̀rọ̀ kan lódì, òun fúnra rẹ̀ á dúró, á ní, "Rárá, ìyẹn ò dún dáadáa," á sì tún un kà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní àmì ohùn. Etí rẹ̀ ló ń mú un.

Nípa ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi mí rín. "Mọ́mì, ẹ ń kà á bí ẹni ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. A ti dé ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, ti pàdé ẹbọra burúkú tó ń jẹ́ Àgbákò nínú igbó, tí wọ́n fẹ́ wọ̀yá ìjà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan bí èmi ṣe ń kà á, ó mi orí. Ó wá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó ń kán gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, ó ń sáré níbi tí mo ti ń rìn, ó ń dá dúró níbi tí mi ò ti ronú àtidúró. Àbúrò rẹ̀ fi ṣíbí lu abọ́ ẹ̀wà. Ẹ̀wà dànù. Mo fẹ́ pariwo, mo sì gbé e mì, nítorí pé ohun tí ọmọ yìí ń ṣe pẹ̀lú ojú ewé náà, Olamide ló kọ́ ọ, ó sì tọ́. Bí mo bá ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìdánwò, á ní ó le.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá wọn, nítorí kò gbà pẹ̀lú mi. Ọkọ mi kì í ka ìwé sókè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí òun létí. Ó ní ṣé Èkó yìí kan náà ni mo tún fẹ́ fi ariwo kún? Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ti mọ́ṣáláṣí ń dún, ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ pópó ń hó yèè. Ó ní ìwé ni ibì kan ṣoṣo tí ọmọ tó ń gbé nínú yàrá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ti lè dá wà, kí n má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹni tó bá lanu, wọ́n á lé e síta.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, mi ò rí i tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin tó máa ń ka ìwé lórí ìdúró nínú bọ́ọ̀sì BRT ni, láti Bàrígà dé Èkó, lórí Third Mainland Bridge tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ lè jẹ́ kí èèyàn ka orí ìwé méjì kó tó rí Ìdúmọ̀tà. Bí wọ́n bá jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní gbójú sókè. Mo máa ń wo irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó máa ń wù mí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní in. Ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó ni gbogbo ìwé tó fi ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì rí ìwé Yorùbá kan kà parí láti ìgbà tó ti kúrò ní girama. Mo sọ ìyẹn fún un, ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Èmi dánfó ni mo máa ń wọ̀, torí pé dánfó ní rédíò. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti ṣí Bond FM sílẹ̀, tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ka àkọlé ìwé ìròyìn, mọ́tò odidi ló ń kàwé yẹn. Ìyá tó gbé agbọ̀n ẹja lẹ́sẹ̀ á dá sí i. Kọ̀ńdọ́ á yọjú wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn, á ní irọ́ ni. Ẹnì kan á bínú sọ̀ kalẹ̀ ní Àdéníjì Adélé, èèyàn ò sì ní mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìwé nínú wọn, mi ò sì lè gbà pé wọn ò kàwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìwé gan-an láti rà, ogun ni. Mo lọ sí abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà, mo lọ sí Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń pa ìwé àlòkù pọ̀ bí òkìtì. Ìwé òyìnbó tó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn ní ìlú òkèèrè wà níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Mo ní mo fẹ́ ìwé Yorùbá. Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí, ó ní, "Ṣé ti WAEC ni, Màmá, àbí ti NECO?" Mo ní ti ilé mi ni. Kò yé e. Bẹ́ẹ̀ Ṣómólú, tí gbogbo Èkó ti ń tẹ̀wé, ò jìnnà sílé wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibẹ̀ kì í sùn. Ẹ rìn kọjá lọ́jọ́ kan, ẹ wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé inú ìwé ètò ìsìnkú ni Yorùbá tó dáa jù tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó wà, oríkì ìdílé látòkè délẹ̀, táwọn èèyàn á sì fi máa fẹ́ra wọn títí ẹni tó ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé á fi parí ti òyìnbó.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní ìlú ọba pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ bí a ṣe ń ṣe ní Sátidé, ó ní kí n máa ká a sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Ó ní inú ọkọ̀ lòun ti ń ṣí i fún wọn nígbà tí òun bá ń gbé wọn lọ sílé ìwé, àti pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò yé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní kó tún ibi tí ẹ̀wà ti dànù fi.

A ti ka ìwé Fágúnwà náà tán. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni èyí tó kàn. Àbíkẹ́yìn ní dandan àfi èyí tí ọdẹ bá tún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá lòun fẹ́, nítorí pé nígbà tí mò ń ròyìn ìwé náà fún bàbá wọn, ó gbọ́ ibi tí obìnrin náà ti pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Mo ní kó jẹ́ kí WAEC kọjá ná. Ó ní èmi ni mo ní etí ló ni ìwé Yorùbá, pé etí tòun ti ṣetán, àti pé orin tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ò dára ju ti Sẹ̀gilọlá lọ. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ó gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kà, ó ní òun ń retí èsì mi.